Èkuru Ojú Àlá

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo jẹ èkuru kan lójú àlá, àná ni mo tó rójú sọ fún ìyá mi.

Ẹni tó bá dàgbà nírú ilé tiwa mọ̀ pé oúnjẹ ojú oorun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí n tó mọ a-b-d ni mo ti mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé oúnjẹ fún mi lójú oorun, n kò gbọdọ̀ gbà á. Bí mo bá sì ti gbà á, n kò gbọdọ̀ gbé e mì. Láràárọ̀, bí a bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá mi tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀lé e: "Ẹ ò jẹ nǹkan kan, àbí?" Kò sí ẹni tó máa ń béèrè pé níbo.

Èyí tí mo jẹ lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé oorun ni mò ń sùn. Mo dúró, mo rò ó, mo sì na ọwọ́ gbà á. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù pé àìsàn yóò ṣe mí. Ẹni tó gbé èkuru náà fún mi ni mò ń rò.

Èékánná funfun

Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú àgbàlá tí ìyá mi ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ aláró. Mo lè fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, aró tó ti wọ ìdí èékánná kò ní tìtorí ìyẹn jáde. Nítorí náà, ó ti mọ́ mi lára láti máa wo ọwọ́ mi: kí n tó bu òkèlè, kí n tó gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, kí n tó fọwọ́ kan aṣọ funfun oníbàárà. Àìmọye ìgbà ni mo ń wò ó lójúmọ́. N kò mọ̀ pé àṣà yẹn yóò bá mi wọ ojú oorun.

Ní òru ọjọ́ tí mò ń wí, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin láti lọ ṣí ìkòkò kan wò. Ẹ̀lú kì í ṣe nǹkan ìkánjú. Òun àti omi eérú gbọ́dọ̀ jọ gbé inú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè gba aṣọ. Kò tíì tó. Mo padà sórí ẹní, ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìkòkò náà nígbà tí oorun tún gbé mi lọ.

Mo bá ara mi nínú àgbàlá wa, ṣùgbọ́n àgbàlá ìgbà èwe mi ni, nígbà tí ìkòkò wà ní ọ̀wọ́ méjì: tiwa lápá ọ̀tún, ti Ìyá Ìbejì lápá òsì. Oòrùn mú. Aṣọ ń kán tó, tó, tó lórí okùn. Ìyá Ìbejì yọ láti ẹ̀yìn aṣọ, wọn kò tíì darúgbó, ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo mọ̀ mọ́ wọn nígbà yẹn ni wọ́n ró. Wọ́n tú ewé, ooru rú jáde, èkuru wà nínú rẹ̀, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Wọ́n ní, "Gbà, jẹun."

Mo kúnlẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi kí n tó nà án, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Èékánná mi funfun. Kò sí aró kankan níbẹ̀, ó mọ́ bí èékánná ọmọ tuntun. Mo yí ojú sí ìkòkò, mo tún padà wò ó. Funfun. Ọ̀rọ̀ náà sì wá sí mi lọ́kàn wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí: àlá ni mo wà yìí.

Ojú ẹsẹ̀ ni ohun gbogbo mọ́lẹ̀ sí i. Òórùn omi eérú gba imú mi kan. Mo rí iṣan ara ewé tí wọ́n fi pọ́n èkuru náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyà mi là gààràgà, gbogbo àgbàlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, bí ìgbà tí iná fẹ́ lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíkankíkan, n kò mọ ẹni tó kọ́ mi, ojú àlá náà sì tún là.

Nígbà náà ni mo gbé ojú sókè wo Ìyá Ìbejì. Mo mọ̀ pé orí ẹní mi ni mo wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyá mi sì wà ní yàrá kejì. Àgbàlá tí mò ń wò yìí, inú mi ló wà. Ìkòkò wọ̀nyí, inú mi ni wọ́n wà. Obìnrin tó na ewé sí mi yìí ńkọ́? Ìyá Ìbejì gan-an wà nílé wọn nítòsí Ọjà Ọba, wọ́n ń sùn, wọn kò mọ nǹkan kan nípa èkuru. Ẹni tó wà níwájú mi yìí, èmi ni mo dá a. Ara mi ni mo ń kúnlẹ̀ fún. Ara mi ni mò ń pè ní "ẹ̀yin".

Mo gba ewé náà. Mo jẹ ẹ́ tán, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà láti mọ́ṣáláṣí, mo sì ta jí pẹ̀lú omijé lójú.

Ohun tí mo sọ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òru ọjọ́ kejì, ara mi gbóná bí iná, àlákálàá ni mò ń lá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi bi mí bóyá mo jẹ nǹkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni? Èkuru. Ta ló fún ọ? Mo dárúkọ Ìyá Ìbejì.

Ta ni ǹ bá tún dárúkọ? Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Ìbejì máa ń se èkuru, wọn kì í sì í ṣàì fi ewé kan pamọ́ fún mi. Wọn kì í fi ata sínú ẹ̀wà. Ata díndín ni wọ́n máa ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀, nítorí ẹnu ọmọdé. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fún mi ní èkuru. Bí orí ọmọ tí ibà ń dà láàmú bá ń wá oúnjẹ àti ẹni tí yóò gbé e wá, ibo ni ì bá tún yà sí?

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan, wọ́n fún mi ní hàntú mu. Ìtọ́wò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi títí di òní. Ara mi yá. Wọ́n ti ń fún mi ní oògùn ibà láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n yíyá tí ara mi yá ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Kò sí ìjà. Ìyá mi kò pariwo, wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Wọ́n kàn dẹ́kun dídáhùn ni. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, tí wọ́n kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń to omi eérú, á wọlé láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyá mi á tẹ orí sínú ìkòkò. Ní ìlú wa, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tí wọ́n bú ṣì lè bú padà. Ẹni tí wọn kò dá lóhùn, kí ni yóò ṣe?

Kí ọdún tó yí, Ìyá Ìbejì ti kó ìkòkò wọn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọ́n ṣa àpáàdì rẹ̀ tán kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Láti ìgbà náà, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí ọ̀rọ̀ wọn bá yọ, "ẹni yẹn" ni ìyá mi ń pè wọ́n.

N kò parọ́. Lóòótọ́ ni mo rí ohun tí mo ní mo rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ni pé, ẹni tí mo rí yẹn, ta ni?

Láàárín ìkòkò àti fóònù

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, bí mo bá ti ti aṣọ bọ inú aró tí mo sì ń dúró dè é, fóònù ni mò ń gbé. Mo rò pé èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọdún 1913 ni Frederik van Eeden, oníṣègùn kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ti fún àlá tí alálàá mọ̀ pé àlá ni lórúkọ. Ní 2016, àwọn kan kó ìwádìí àádọ́ta ọdún jọ, wọ́n sì rí i pé nínú 100 ènìyàn, bíi 55 ló ti lá irú rẹ̀ rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ojúlé yín yíká. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó mọ nǹkan yìí pọ̀ láàárín wa, wọn kò kàn ní ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún ni.

Ní 1953 ni Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì Chicago, sọ fún ayé pé oorun kan wà tí ẹyinjú máa ń sáré kiri nínú rẹ̀ lábẹ́ ìpéǹpéjú. Inú oorun yẹn ni àlá tó mọ́ kedere pọ̀ sí jù. Ó máa ń wá, á lọ, á tún padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń sún mọ́ mímọ́ ló ń pẹ́ sí i. Ìyẹn ló fà á tí àlá ìdájí fi lágbára ju tòru lọ. Ẹni tó bá jí díẹ̀ ní ìdájí, tó tún padà sùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ọ̀nà irú àlá yìí yá fún un ju fún ẹlòmíràn lọ. Àwọn tó ń wá a kiri a tún máa kọ́ ara wọn láti máa wo ọwọ́ wọn lójúmọmọ, kí àṣà náà lè tẹ̀lé wọn wọ oorun. Ẹ̀lú ló jí mi, iṣẹ́ ló kọ́ mi ní wíwo ọwọ́. N kò dọ́gbọ́n sí ọ̀kankan.

Èyí tó mú mi gbé fóònù sílẹ̀ tí mo sì jókòó jẹ́ẹ́ ni bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rí rẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń sùn ṣe lè fi han ẹni tí kò sùn pé òun mọ̀? Gbogbo iṣan tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé ọwọ́, ló dákẹ́ nínú oorun yẹn, àfi ti ojú. Ní oṣù kẹrin 1975, ní Yunifásítì Hull ní Ìlú Ọba, Alan Worsley fi ojú ṣe àmì tí òun àti Keith Hearne ti fi àdéhùn sí, òsì àti ọ̀tún, òsì àti ọ̀tún, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń sùn. Stephen LaBerge ṣe tirẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981. Ní 2021 ni àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands wá sọ pé àwọn tilẹ̀ bá alálàá sọ̀rọ̀. Wọ́n bi ọ̀dọ́ kan tó wà nínú oorun pé bí a bá yọ 6 kúrò nínú 8, mélòó ló kù. Ó fi ojú dáhùn: méjì. Ènìyàn 36 ni wọ́n bá ṣe é, ìdáhùn tó tọ̀nà kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n. Síbẹ̀, ẹnìkan dáhùn láti ibẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ iṣan tó dákẹ́ yìí náà ló tú ogun òru fún mi. Ẹni tí ojú rẹ̀ là lóru, tí kò lè gbé ọwọ́, tí kò lè kígbe, tó sì ń rí ẹnìkan lórí àyà rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ló jí ṣáájú ara. Ara ṣì wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ oorun, àlá náà kò sì tíì tán. Láìpẹ́, ara yóò bá ọkàn. Mo ti rí ilé tó tú nítorí ojú tí ẹnìkan ní òun rí ní irú wákàtí yẹn. Ìyàwó ilé náà ṣe àlàyé títí, wọn kò gbà. Báwo lènìyàn ṣe ń jàre ẹ̀sùn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú oorun ẹlòmíràn? Kò sí ẹlẹ́rìí tó lè pè.

Ẹ̀kẹta

N kò sọ pé kò sí àlá tó ń ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Mùsùlùmí ni mí, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n hàdíìsì tí wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pín àlá sí mẹ́ta: ìró ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbànújẹ́ láti ọ̀dọ̀ ṣàtánì, àti ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Gbogbo ilé tí mo mọ̀, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń lò. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò bìkítà fún un.

Ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ní kí ẹni tó bá lá àlá burúkú wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó má sì rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú Kùránì, nígbà tí Ànábì Yúsúfù rọ́ àlá fún bàbá rẹ̀, ohun tí bàbá náà kọ́kọ́ sọ ni pé kó má sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé nítorí ajá ni wọ́n ṣe pa á lówe, pé kò ní ẹnu tí yóò fi rọ́ ọ. Báyìí, àwọn tó wà láyìíká ajá ni mò ń rò.

Òṣogbo tí a ń gbé yìí gan-an, ẹ mọ bó ṣe gba orúkọ. Olútìmẹ́hìn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì kígbe láti inú omi pé, ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi. Ní ọmọdé, ìkòkò tó fọ́ ló máa ń dùn mí nínú ìtàn náà. Ọmọ aláró ni mí. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, "oṣó" yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Igi ni wọ́n ń gé. Ìtàn náà sì sọ pé ẹni tó kígbe yẹn padà bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ṣe àdéhùn, títí di òní ni ìlú ń rántí rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdọọdún.

Mo gbìyànjú láti padà síbẹ̀. Òru mẹ́rin ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jí ní ìdájí, tí mo ń wo èékánná mi lábẹ́ iná fóònù kí n tó tún sùn. Lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí èékánná funfun náà lóòótọ́, mo sì mọ̀, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ kan tí n kò dé rí ni mo wà, kò sí ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀, pípè tí mo sì ń pe Ìyá Ìbejì kò mú wọn wá. Mímọ̀ pé àlá ni kò sọ ènìyàn di ọ̀gá àlá. Nígbà tó di òru kẹrin, orí fọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ kejì, mo ba aṣọ oníbàárà kan jẹ́, mo sì fi í sílẹ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa ji oorun ara rẹ̀ gbé.

Kí ni mo tilẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀? Mo fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Ọwọ́ mi wà nínú aró lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ó yé mi pé ara mi ni ǹ bá tún lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí lójú àlá. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa, n kò ní rìn fún ìdajì wákàtí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Àná

Ìyá mi kò lè rẹ aṣọ mọ́, orúnkún wọn kò gbà. Ìko ni wọ́n ń dì mọ́ aṣọ fún mi báyìí, lórí àpótí kékeré lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí n fa aṣọ yọ láìjẹ́ pé wọ́n gbójú sókè wò ó. Àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń kọ́kọ́ gbé jáde nínú aró. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni, díẹ̀díẹ̀.

Mo fa ọ̀kan yọ, mo fi í kọ́ okùn. Mo ní, "Ìyá mi, mo jẹ nǹkan lójú oorun."

Ọwọ́ wọn dúró. "Nígbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!" Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí àrùn wà. "Kí lo jẹ?"

"Èkuru ni."

Wọn kò bi mí pé ta ló fún mi.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀: ti èékánná, ti àgbàlá tó fẹ́ ṣú, ti bí mo ṣe mọ̀, ti bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tí mo rí kì í ṣe wọ́n. Èmi ni mo dá a. Ti ìjọ́sí náà, èmi náà ni. Ibà ló ń ṣe mí, ebi sì ń pa mí." Ohùn mi gbọ̀n, mo sì dákẹ́.

Ìyá mi kò wò mí. Aṣọ orí okùn ni wọ́n ń wò. Ó ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti ń di aró láti etí wọ àárín. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú tán. Wọ́n wá kó ìko inú ìró wọn sílẹ̀, wọ́n gbọn ìró náà.

Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìyá Ìbejì máa ń fọ ẹ̀wà wọn kí wọ́n tó lọ̀ ọ́."